Ẹnì Kẹta Tó Ń Bá Wọn Wá Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwòrán orí yín sókè síbi iná, tó fi bírò tọ́ka sí ojú ibì kan, tó wá dákẹ́, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó pa yín kí àìsàn fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Mi ò kàwé lọ títí. Ẹja ni mò ń yan tà ní Warri, Bíbélì àti ìwé orin ló kọ́ mi ní Yorùbá kíkà àti kíkọ, nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ò ti gún, ẹ fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń rí ohun tí mò ń rí, tí mo pa á mọ́ra.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ etí omi. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Warri nígbà tí òun àtàwọn ará ilé wa ń wá ẹja kiri odò. Ó ti di olóògbé tipẹ́. Èmi àti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, Bọ́sẹ̀, ló kù nílé wa lọ́nà Jeddo. Bọ́sẹ̀ gbọ́ Yorùbá dé ìdí, ṣùgbọ́n tó bá máa fèsì, Píjìn ló máa fi dá ọ lóhùn. Mo ti bá a jà títí, ó ti sú mi. Ìjọ wa, ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré kan ni, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá wàásù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà ní mo gbé àwọn síta.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìjọ wa, ẹ má wá lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àìkú, oníkálukú ti múra, oníkálukú ti kọ́ ẹ̀rín. Ọjọ́rú ni ẹ̀kọ́ Bíbélì, ìdajì wa ló máa ń sùn níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ ti pa wá. Ọjọ́ Ẹtì ni ti àwọn akọrin, ìjà wọn pọ̀ ju orin wọn lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni ìjọ wa. Ọjọ́ yẹn la máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó pàdé níwájú pátákó tí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sí, a ó pín ara wa ní méjì-méjì bí Jésù ṣe rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì túká lọ sí Edjeba, Ijala, Jeddo. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe olórí wọn. Òfin mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣeré: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá lọ, ẹ má jókòó kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má sì bi aláìsàn ní ohun tí kò sọ fún yín.

Torí òfin kẹta yẹn ni mo ṣe yọ Màmá Ìjẹ̀bú kúrò láàárín wa. Màmá Ìjẹ̀bú ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu wọn ò ní ilẹ̀kùn. A lọ kí díákónì kan tí ara rẹ̀ ò yá, wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ ẹ wà fún ìyàwó ẹ?" Háà! Ìyàwó bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa orúkọ wọn rẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní "hùn," wọ́n á kọjá.

Ẹnì kejì tèmi ni Ìyá Dàmọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, aránṣọ. Ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín ò jìnnà sí i lẹ́nu, ó sì ní báàgì dúdú kan tó máa ń há sí abíyá. Òun ló ń ṣọ́ àkókò fún wa. Tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn fi ìka kan gbá ojú aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pó, pó, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdágbére. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣánlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tó fi kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sin sí Ọ̀yọ́.

Nínú àìsàn tèmi, òórùn ló kọ́kọ́ dé. Òórùn bí ìgbà tí irun ń jó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àìsàn ni? Obìnrin tó ń yan ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni òórùn ìjóná jẹ́ lójú ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó ń wá lọ́jọ́ tí mi ò dáná. Ó ń wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Màá bi ẹni tó jókòó tì mí pé, "Kí ló ń jó?" Á ní, "Kò sóhun tó ń jó o, Ìyá Bọ́sẹ̀." Lẹ́yìn òórùn náà, nǹkan kan á ru láti inú ikùn mi wá sí ọ̀fun, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bá gun ìgbì tó tún já wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tí mo bá ń wò á dà bí ohun tí mo ti wò rí. Ewúrẹ́ á máa bọ̀, mo ti mọ ibi tó máa yà sí. Ọmọ á ké, mo ti gbọ́ igbe yẹn tẹ́lẹ̀. Kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, á sì tán. Mo ní àárẹ̀ ni. Mo ra oògùn ibà, mo lò ó.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí Ìyá Dàmọ́lá kú, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí àwọn yòókù ní kí n sinmi nílé, mò ń fọ ẹja níwájú ilé. Òórùn yẹn dé. Mo gbójú sókè. Ìyá Dàmọ́lá dúró lẹ́nu géètì. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin, báàgì wà lábíyá rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí mò ń dá dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ̀rù ò bà mí. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Mo ké sí i, mo ní, "Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n ṣan ọwọ́!" Mo ṣan ọwọ́, mo pààrọ̀ ìró, mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo ń wá èkejì kiri kí n tó rántí pé wọ́n ti sin ín. Ọwọ́ mi dá dúró lábẹ́ àga níbi tí mo ti ń wá bàtà. Nígbà tí mo jáde, kò sẹ́nì kankan ní géètì, oòrùn sì mú ganrínganrín.

Bọ́sẹ̀ yọjú láti inú ilé. "Mummy, who you dey answer?"

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Irọ́ àkọ́kọ́ mi nìyẹn.

Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó ti wọ géètì, ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, ó ti wà ní pálọ̀, lórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í wo ojú mi, ẹ̀yìn mi ló máa ń wò, bí ẹni pé ẹlòmíràn dúró síbẹ̀. Ó mọ́ kedere ju ẹni tó wà láyé lọ, mo lè ka òwú tó tú lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Á jókòó fúngbà díẹ̀, á fi ìka gbá ojú aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àga á sì ṣófo. Pó, pó yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. Àkókò kí ló pé? Ta ló ń sọ fún? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀yìn pa dà lójijì láti wo ẹni tó ń wò lẹ́yìn mi. Ògiri ni mo máa ń rí.

Èmi tí mò ń sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n má fi nǹkan kan pa mọ́ fún dókítà, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo bẹ̀rù kí ìjọ má ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń bá mi jà. Mo bẹ̀rù kí wọ́n má gba iṣẹ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ mi. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi tún ń dùn díẹ̀ pé mò ń rí i.

Lọ́jọ́rú kan, pásítọ̀ ní kí n gbàdúrà fáwọn aláìsàn. Mo dìde, mo ní, "Baba wa tí ń bẹ lọ́run." Ibi tí mo mọ̀ ọ́n mọ nìyẹn. Nígbà tí iyè mi sọ pa dà, gbogbo ìjọ ti kúnlẹ̀, arábìnrin kan sì wà lẹ́sẹ̀ mi pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n ní mo dúró gbagidi, mò ń jẹnu bí ẹni ń jẹ obì, mò ń fa etí ìró mi, mo sì ń sọ pé, "Ẹ bá mi gbé e wálẹ̀, ẹ bá mi gbé e wálẹ̀." Arábìnrin yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán. Ẹ̀mí ti bà lé Ìyá Bọ́sẹ̀! Onítẹ̀bọmi ni wá, irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ láàárín wa, nítorí náà, nígbà tó dé, wọ́n gbá a mú tọwọ́tẹsẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ló wá bi mí lọ́sẹ̀ yẹn pé kí ló yẹ ká gbé wálẹ̀. Ọ̀kan ti lọ gbé táǹkì omi rẹ̀ wálẹ̀ lórí òpó. Pásítọ̀ nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà." Mo ní màá lọ. Mi ò lọ.

Iná ló mú mi lọ. Mò ń yí ẹja pa dà lórí ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn dé, mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Bọ́sẹ̀ ló bá mi nílẹ̀, tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n, tí apá mi òsì wà lórí wáyà gbígbóná. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní. Ó pariwo tí àwọn ará àdúgbò fi dé, wọ́n gbé mi sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ má jẹ́ kí n sọ ti ìlà fún yín. Ẹ gba káàdì, ẹ gba nọ́ńbà, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ lọ sí wíńdò kejì, ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ ti lọ jẹun. Ibi àkọ́kọ́, wọ́n ní ibà ni. Ibi kejì, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ibi kẹta, dókítà obìnrin kan, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, wo àpá ọwọ́ mi, ó wá bi mí pé, "Mama, before you fall, you dey smell anything wey other people no dey smell?" Mo wò ó. Ó dà bí ẹni pé ó ti dé ilé mi rí. Mo jẹ́wọ́ òórùn. Ti Ìyá Dàmọ́lá, mo gbé e mì.

Ó ní ká lọ ya àwòrán inú orí. Ibẹ̀ ni ìdákẹ́ yẹn ti wáyé. Kókó kan wà lápá ọ̀tún, lókè etí, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Wọ́n ní kò jọ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, ó sì ń ti ọpọlọ mi. Òun ló ń fa òórùn, òun ló ń fa gìrì. Wọ́n kọ oògùn tí màá máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì darí wa sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Benin fún iṣẹ́ abẹ. Ti owó, ẹ má bi mí. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ mi fi sílẹ̀ bá a lọ. Benin fún wa ní ọjọ́ kan, Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fún wa níwèé tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn mí.

Bí ìròyìn ṣe dé ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti Igbókòdá dé, ó gbé ìgò àgbo méjì dání. "Orí kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀," ló ń pariwo, "tí wọ́n máa ṣí ìdérí ẹ̀ wò bóyá ó ti jinná! Ẹ gbé e wálé, wòlíì kan wà létí òkun tó máa ń wẹ àwọn tó ní irú ẹ̀." Bọ́sẹ̀ ní, "Uncle, no vex o, but my mama no dey go anywhere." Bàbá náà bínú, ó ní ọmọ tí kò lè fi èdè baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ń dá òun lẹ́kun. Kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà, mo gba àgbo. Mo tún ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ: bàbá náà ní oògùn òyìnbó máa ń bá àgbo jà, mo bá dá ti dókítà dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má dán an wò láé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òórùn ti pọ̀ sí i. Ìyá Dàmọ́lá ti kúrò ní pálọ̀, ó ti wọ yàrá mi.

Ìṣẹ́gun kan, ìjọ rán arábìnrin méjì wá kí mi. Orúkọ mi ti wà lórí pátákó, èmi tí mò ń kà á fún wọn tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn, mo ní kí Bọ́sẹ̀ gbé àga wá. Ó gbé méjì. Mo ní, "Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àwa méjì la wá, mà."

Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ìyá Dàmọ́lá tó tẹ̀ lé yín wọlé ńkọ́? Ṣé orí ìdúró lẹ máa fi í sí?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn. Mo rí i bí ọrùn àwọn méjèèjì ṣe rọra yí pa dà. Wọn ò gbàdúrà, wọn ò dágbére. Ọ̀kan fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi dé ojú títì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé òkú ń tẹ̀ lé àwọn tó bá lọ kí Ìyá Bọ́sẹ̀, pé ó ń yan ẹni tó máa mú lọ ṣìkejì mi. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń fi ohùn àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹlẹ́ran ara kankan ò wá mọ́. Pásítọ̀ ò sí nílé lásìkò yẹn, ó wà ní ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi gbọ́ kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa.

Bọ́sẹ̀ rí i pé mo ti dá oògùn dúró, ó sunkún, ó da àgbo nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì mí títí màá fi gbé oògùn mì. Ṣùgbọ́n ìwé Benin wà lórí tábìlì, mi ò fọwọ́ sí i. Ó bẹ̀ mí, ó kígbe mọ́ mi. "Mummy, you wan die? Talk am make I know!" Mi ò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ìyá Dàmọ́lá ti sún mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó dá mi lójú pé tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ mú mi sùn, yóò gbá aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì mú mi lọ.

Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ẹnì kan fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn. Màmá Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, wọ́n gbé ọsàn nínú ọ̀rá dání.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan. Mo bẹ èèyàn mẹ́rin, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi. Ojo ni gbogbo wọn."

"Màmá, ẹ mọ òfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá wá."

"Mo mọ òfin, ìwọ lo fi lé mi." Wọ́n wo yàrá yíká. "Wọ́n ní Ìyá Dàmọ́lá ń wá síbí. Ṣé ó ti dé?"

Ó ti dé. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, báàgì lórí itan, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo fi ẹnu tọ́ka. Màmá Ìjẹ̀bú fa àpótí ìjókòó, wọ́n fi í sí ibẹ̀ gan-an, wọ́n jókòó tì í tí èjìká wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Mo di ojú mi, mo tún là á.

"Ìyá Dàmọ́lá, o kú ìjókòó o," ni Màmá wí, bí ẹni ń kí èèyàn lọ́jà. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ó ti di méjì. Mi ò rú òfin ẹ."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì kù níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí ló dé tí o ò fọwọ́ síwèé?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ó wá mú mi ni. Ojoojúmọ́ ló ń sún mọ́ mi. Ó ń gbá aago pé àkókò mi ti tó. Tí mo bá sùn, mi ò ní jí mọ́."

Màmá bó ọsàn kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ọdún mélòó ni ìwọ àti ẹ̀ fi kí aláìsàn?"

"Mọ́kànlá, mà."

"Èwo lẹ mú lọ nínú wọn?"

"Kí lẹ wí, mà?"

"Mo ní nínú gbogbo àwọn tẹ́ ẹ lọ kí, ta lẹ há sí abíyá lọ sílé yín?"

"Kò sí, mà."

"Tó bá gbá aago, kí lẹ máa ń ṣe?"

"À á gbàdúrà, à á sì máa lọ."

"Ta ló ń lọ?"

"Àwa ni."

"Ta ló ń kù nílé?"

Omi ọsàn ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ wọn.

"Aláìsàn ló ń kù nílé," ni Màmá Ìjẹ̀bú wí. "Òní kọ́ ni Ìṣẹ́gun? Kíkí ló wá kí ẹ, òpè yìí. Bí àkókò ẹ̀ bá tó, jẹ́ kó máa lọ." Wọ́n jẹ ọsàn díẹ̀. "Bí mo sì ti wà níbí, ṣé Bọ́sẹ̀ mọ ibi tí ìwé ilé yìí wà?"

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Ìyá Dàmọ́lá gbé ọwọ́ sókè. Pó, pó. Ó gbójú kúrò ní ẹ̀yìn mi, ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdágbére, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Màmá ṣe àmín. Nígbà tí mo lajú, Màmá nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. Mo pe Bọ́sẹ̀ pé kó gbé bírò wá.

Lọ́jọ́ kejì, níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, Màmá Ìjẹ̀bú dìde láìgba àyè. Bọ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Nígbà tí gìrì ń ṣe é níwájú yín, ẹ gbé bírò. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn Jésù!" Bọ́sẹ̀ ní kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì ìjọ ló gbé wa lọ sí Benin. Pásítọ̀ ti dé, ó jókòó síwájú. Èèyàn méje fún mi ní ẹ̀jẹ̀. Arábìnrin tó fi bàtà sílẹ̀ wà lára wọn, mi ò dárúkọ bàtà fún un títí ó fi lọ. Méjì-méjì ni wọ́n fi ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, mo sọ ti Ìyá Dàmọ́lá fún dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti gbọ́ irú ẹ̀, pé kókó náà ló ń ji ohun tí ọpọlọ ti tọ́jú. Mo ní, ṣé kókó mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni? Ó ní, "Mama, that one I no fit explain." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èsì yẹn.

Mo jí. Orí mi wúwo, ẹnu mi wọ́, ọ̀rọ̀ ò tètè wá. Fún ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá fẹ́ béèrè omi, iyọ̀ ni ẹnu mi ń pè. Ó padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yẹ kókó náà wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, mò ń lọ sí Benin fún àyẹ̀wò, mi ò sì gbọ́dọ̀ dá dúró nídìí iná, nítorí náà, ẹlòmíràn ló ń bá mi yan ẹja. Orúkọ máa ń sọnù lẹ́nu mi. Òórùn ò wá mọ́. Ẹ̀yin tí tiyín bá jọ tèmi, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, àní èyí tó ń tì yín lójú. Àìsàn la lè wò, a kì í wo ikú, nítorí náà, ẹ tètè lọ nígbà tó ṣì jẹ́ àìsàn.

Ohun kan ló kù, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ Ìṣẹ́gun. Màmá Ìjẹ̀bú ni ẹnì kejì mi, wọ́n ṣì ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí kò kàn wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé láti àbẹ̀wò, mo jókòó ní pálọ̀, mo kọjú sí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo dúró. Mo dúró títí oòrùn fi kúrò lórí àga yẹn. Àga ni. Igbe kan wá jáde láti inú mi tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Mi ò sunkún nígbà tó kú. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e sọ́kọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, èmi ni mò ń pín oúnjẹ fáwọn èèyàn.

Bọ́sẹ̀ sáré jáde, ó gbá mi mú. "Mummy! E don start again? You dey see am?"

Mo ní, "Rárá. Mi ò rí i." Mo nawọ́ sí àga. "Ìyá Dàmọ́lá ti kú, Bọ́sẹ̀. Ó ti kú."